Ilé Èkó Kì í Bú Gbàù Kó Tó Wó

Mo ní ẹjọ́ kan láti rò pẹ̀lú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ṣe VFX. Gbogbo ilé tí à ń wó lórí kọ̀ǹpútà ní ẹ̀ka wa ló ń bú gbàù kó tó wó. Iná á sọ, gíláàsì á fọ́n ká, ògiri á wá rún wẹ́wẹ́ bíi bisikíìtì. Ọ̀dọ̀ Hollywood la ti kọ́ ọ. Ilé alájà 21 tó wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021 kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣe ló wó lé ara rẹ̀ lórí, dẹ́kìn lórí dẹ́kìn, èèyàn tó lé ní 40 sì kú sábẹ́ rẹ̀.

Tí ẹ bá ń lo Blender, Cell Fracture á gé ilé yín sí èérún, Bullet á sì mú un já bọ́. Ó rọrùn, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Kílógíráàmù 1 ni Blender ń fún ohunkóhun tí ẹ bá sọ di rigid body, àfi tí ẹ bá yí i padà. Dẹ́kìn tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn àti èérún búlọ́ọ̀kù á wá máa kọlu ara wọn bí ẹgbẹ́. Ẹ lo Calculate Mass, kí ẹ yan kọnkéré. Ẹ tún wo bí ilé yín ṣe ga tó. Ohun tó bá já láti òkè mítà 3 á balẹ̀ ní nǹkan bíi fírémù 19, bí fíìmù bá ń lọ ní fírémù 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí tiyín bá lo 8, ilé páálí ọmọdé ni. Tó bá lo 40, á dà bíi pé inú omi ló ti ń wó.

Irin ló le jù. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù. Ẹ wo irin tí wọ́n yọ nínú ilé tí wọ́n wó: ó lọ́, ó tẹ̀, kọnkéré ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ìdí nìyẹn tí dẹ́kìn fi ń rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwókù ilé. Nítorí náà, ẹ má fi okun kan náà so gbogbo èérún pọ̀. Kí ti ògiri búlọ́ọ̀kù já kíá, kí ti òpó pẹ́ díẹ̀, kí ti irin máa tẹ̀ láì já. (Ẹ bi bíríkìlà kan léèrè, ó mọ èyí ju gbogbo wa lọ.)

Ẹnìkan á ní iná ni olówó fíìmù fẹ́. Ó lè fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n òbí tó wá ọmọ rẹ̀ nínú àwókù ní Ìta Fàájì lọ́jọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, nígbà tí ilé tí iléèwé wà nínú rẹ̀ wó, lè wà lára àwọn tó máa wò ó. Iná máa ń sọ pé àjálù òjijì ni. Òpó tó kọ́kọ́ là máa ń béèrè ẹni tó dín sìmẹ́ńtì kù, ẹni tó fi irin tín-ín-rín sí i, ẹni tó gbé àjà lé àjà láìgba àṣẹ. Níbi òpó ìsàlẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí kámẹ́rà yín ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí.