Ààlọ́ tí A Kò Ké: Ìtàn Áfíríkà nínú Eré Orí Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní agbègbè Afijio, ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ kíláàsì kan ní Fìdítì nípa àwọn ìjọba àtijọ́. Bí ó ti sọ pé àwọn ọmọ ogun Mòrókò ṣẹ́gun Songhai ní ọdún 1591, ọmọkùnrin kan nawọ́. Ó ní, "Àǹtí, Songhai kò fọ́. Èmi ni mo darí wọn títí wọ́n fi kan ọkọ̀ tí ó lọ sí ojú sánmà." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà kò purọ́. Eré Civilization V, tí ó jáde ní ọdún 2010, ni ó ń wí. Askia ni olórí Songhai níbẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ó ń ṣeré ni àyànmọ́ ìjọba náà sì wà. Àwa ọmọ Áfíríkà náà ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games ní Yaoundé, orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, gbé Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde. Inú rẹ̀ ni a ti rí Enzo, ọmọ ọba tí wọ́n dìtẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ ìwúyè rẹ̀. Ìlú rẹ̀ kò sí níbìkan láyé, ṣùgbọ́n àṣà àti ìtàn Áfíríkà ni wọ́n fi mọ ọ́n.

Àwọn kan nínú wa ń fẹ́ kí a lé irú eré yìí jìnnà sí ọmọ. Èmi kò sí lára wọn. Àwa náà ń pa àlọ́, Ìjàpá a sì máa bá ọba jẹun nínú rẹ̀. Kò sí ọmọ tí ó gbà pé ó ṣẹlẹ̀, nítorí pé apàlọ́ ti kọ́kọ́ ké "Ààlọ́ o!", àwọn ọmọ sì ti dáhùn pé "Ààlọ̀!" Ìpè yẹn ni ó ya àlọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn. Eré orí kọ̀ǹpútà kì í ké ààlọ́. Orúkọ ọba tòótọ́ ni ó fi ń pàdé ọmọ, ọmọ tí wọn kò sì kọ́ ní ìtàn kò ní ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni Ìtàn kò fi dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ nínú ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa kékeré.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti ké ààlọ́ náà. Kí ó bi ọmọ léèrè pé: Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́? Kí ni eré yìí yí padà? Kí ni ìbá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ká ní ẹnìkan ṣe eré tí Ọ̀yọ́-Ilé kò ti tú láàrin ọdún 1830 sí 1840, yóò dùn mọ́ wa nínú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ogun lé wá sí ìhà gúúsù nígbà náà wà lára àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ wa. Bí ìlú náà kò bá tú, ta ni ìbá wà ní Fìdítì àti Ìlọràá lónìí? Ọmọ tí a bi ní irú ìbéèrè yìí yóò lọ bá bàbá àgbà rẹ̀ nílé, yóò sì gbọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà kankan kò lè sọ fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kò bá ọmọ Fìdítì náà wí. Ó ní kí ó sọ bí Songhai òun ṣe yege, lẹ́yìn náà ni ó sọ fún kíláàsì bí ti Askia ṣe parí. Wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìbéèrè ni wọ́n ń bi í. Olùkọ́ gidi nìyẹn.