Aṣọ Iṣẹ́ àti Ìbòrí Ẹ̀sìn



Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ rí wá bá mi ní Àbújá níhìn-ín. Ó ti rí iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún un pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ bo orí. Bàbá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, àwọn àbúrò sì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní: “Ùsítáàsì, ṣé kí n ṣí orí ni, tàbí kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀?”

Mo rán an létí Firdaus Amasa, akẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì Ìlọrin. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, nígbà tí wọ́n ń gba àwọn agbẹjọ́rò tuntun wọlé ní Àbújá, wọ́n dá a dúró nítorí hìjáàbù. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin. Ní oṣù Keje ọdún 2018, wọ́n gbà á wọlé pẹ̀lú hìjáàbù rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn aláṣẹ ọlọ́pàá náà gbà kí àwọn obìnrin wọn máa wọ ìbòrí sábẹ́ fìlà iṣẹ́.

Ẹ kíyè sí i: Firdaus kò kọ wíìgì àwọn lọ́yà. Hìjáàbù wà lábẹ́, wíìgì wà lókè. Ó fún iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó sì fún Ọlọ́hun ní ẹ̀tọ́ Rẹ̀. Súratu Núúrì, áyà 31, pa ìbora láṣẹ. Súratu Máídà, áyà 1, sì pa á láṣẹ pé kí a mú àdéhùn ṣẹ. Ọlọ́hun kan náà ni Ó pa àṣẹ méjèèjì. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 38, sì fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹ̀sìn rẹ̀ hàn.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wù wá láti wọ̀ ni ẹ̀sìn. Ẹni tí ó kọ yúnífọ́ọ̀mù nítorí fáàrí, tí ó wá ń pè é ní ẹ̀tọ́ Mùsùlùmí, ó ń ba ọ̀nà jẹ́ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Nítorí náà, mo gba ọmọ náà níyànjú pé kí ó kọ̀wé kí ó tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, kí ó fi ọ̀wọ̀ tọrọ ìbòrí tí àwọ̀ rẹ̀ bá yúnífọ́ọ̀mù mu. Ó ti kọ ọ́. Èsì kò tíì dé.

Bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan èmi àti ìwọ. Ó rọrùn láti sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí oúnjẹ wà nílé tiwa. Ìwọ tí o ní ilé iṣẹ́, ìwọ tí o mọ ọ̀gá kan, wá ọ̀nà mìíràn fún un kí o tó wàásù fún un.

Kí Ọlọ́hun fi ìrọ̀rùn sí ọ̀nà àwọn ọmọ wa. Àmín.