Abẹ́rẹ́ HPV: Ọ̀rọ̀ Náà Kan Àwọn Ọmọkùnrin Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Pẹ̀lú

Ní ọjọ́ 24, oṣù kẹwàá, ọdún 2023, ni ìjọba àpapọ̀ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ń dènà HPV, kòkòrò àrùn tí ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ìpínlẹ̀ 15 àti Abuja, olú-ìlú ìjọba àpapọ̀, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára wọn. Ọ̀yọ́ kò sí níbẹ̀. Ìparí oṣù karùn-ún, ọdún 2024, ni ìpele kejì tó bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ 21 yòókù, tí ó sì kan Ọ̀yọ́. Bí ètò ọ̀fẹ́ náà ṣe dé gbogbo agbègbè Òkè-Ògùn nìyẹn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, tí ó fi kan ìlú bíi Kòmú ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú.

Ètò tí ó yẹ kí á gbóríyìn fún ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2020 nìkan, nǹkan bí obìnrin 12,000 ni jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ mú ní Nàìjíríà, tí nǹkan bí 8,000 sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí ètò náà ti dára tó, ó gbin èrò kan sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn, pé ọ̀rọ̀ obìnrin pátápátá ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti Kòmú lọ kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe tí ó wà ní Ṣakí, tàbí ní ẹ̀ka fásitì Ládòkè Akíntọ́lá tí ó wà ní Ìsẹ́yìn, lè gbọ́ ìròyìn abẹ́rẹ́ náà kí ó sì kọjá lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ó kan òun. Èrò yìí kò tọ̀nà, ewu sì wà nínú rẹ̀.

Kòkòrò HPV kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Ara ni ó ti ń ran ara, pàápàá jù lọ nípa ìbálòpọ̀. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì nì, Harald zur Hausen, tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kòkòrò yìí ni ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà, ìwádìí kò dúró. Èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2023, tí ó kó ìwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ, fi hàn pé nínú ọkùnrin mẹ́ta tí ó ti lé ní ọmọ ọdún 15, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan ní irú HPV kan lára. Nínú ọkùnrin márùn-ún, ọ̀kan ní irú èyí tí ó lè fa jẹjẹrẹ. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn obìnrin àdúgbò Ìdíkàn, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2004, rí kòkòrò náà lára nǹkan bí obìnrin kan nínú mẹ́rin. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kò ṣàdédé kó o. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ wọn ti kó o.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé kòkòrò yìí kì í pariwo. Ẹni tí ó ní in kì í ṣàìsàn, kì í rù, kì í wúkọ́. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lé e dànù fúnra rẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì. Lára àwọn tí kò bá lọ ni wàhálà wà, nítorí ó lè tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó di jẹjẹrẹ. Fún ọkùnrin, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun, ti ihò ìdí tàbí ti ojú ara. Ní Amẹ́ríkà, jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ni ó wọ́pọ̀ jù lọ báyìí nínú àwọn jẹjẹrẹ tí HPV ń fà, ọkùnrin ni ó sì ń mú jù. Irú kòkòrò náà mìíràn kì í pani, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí èso kéékèèké hù yí ojú ara ká, èyí tí ìtìjú kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi han dókítà. Obìnrin ní àyẹ̀wò tí wọ́n fi lè tètè rí àmì jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ọkùnrin kò ní irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí fún gbogbo ènìyàn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ìwò òkèèrè tí ó wà fún ọkùnrin.

Kí ni ó wá dé tí ìjọba fi yọ àwọn ọmọkùnrin sílẹ̀? Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra wọn. Àwọn obìnrin ni àrùn náà ń pa jù, abẹ́rẹ́ náà sì wọ́n lágbàáyé fún ọdún púpọ̀, débi pé ní ọdún 2019, àwọn olùdámọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé rọ àwọn orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n dá ti ọmọkùnrin dúró ná títí tí ọmọbìnrin ibi gbogbo yóò fi rí gbà. Ìdí kejì ni pé bí ọmọbìnrin tí ó gbà á bá ju 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ààbò náà a máa dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin, nítorí ẹni tí kò ní kòkòrò kò lè kó o ran ẹlòmíràn. Ọsirélíà jẹ́rìí sí èyí. Lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti ọmọbìnrin ní ọdún 2007, èso ojú ara dín kù gidigidi lára àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò gba abẹ́rẹ́ kankan.

Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n kí á ṣírò rẹ̀ wò ní Òkè-Ògùn. Ọmọbìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà tí abẹ́rẹ́ náà dé Ọ̀yọ́ ní ọdún 2024 yóò pé ọmọ ọdún 18 ní ọdún 2028. Èyí tí ó ti pé ọdún 15 lọ́jọ́ náà kò rí ti ọ̀fẹ́ gbà. Ìtumọ̀ èyí ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọbìnrin tí ó ń kàwé lọ́wọ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa ti dàgbà kọjá ètò náà kí ó tó dé. Ààbò tí ọkùnrin ń retí láti ara obìnrin kò tíì wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ìran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni ó bọ́ sáàárín méjì.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti kọjá ibẹ̀. Amẹ́ríkà ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn láti ọdún 2011 pé kí ọmọkùnrin náà gbà á. Ọsirélíà fi tiwọn kún un ní 2013, Ìlú Ọba ní 2019. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àwọn olówó nìkan ni. Kamẹrúùnù, tí ó pààlà pẹ̀lú wa, bẹ̀rẹ̀ ti ọmọbìnrin ní ọdún 2020, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbà á kò tó nǹkan, nítorí àhesọ pé ète láti sọ àwọn ọmọ náà di àgàn ni. Ní ọdún 2023, wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún ọmọkùnrin pẹ̀lú. Àhesọ pé wọ́n dìtẹ̀ mọ́ ilé-ọmọ kò wá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́ bí ọmọkùnrin náà bá ń gba abẹ́rẹ́ kan náà. Nàìjíríà náà mọ ohun tí àhesọ lè dá sílẹ̀. Irú rẹ̀ ni ó mú kí Kano dá abẹ́rẹ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní ọdún 2003, ọdún 2020 ni wọ́n sì tó kéde pé Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ irú àrùn náà tí ó ń jà kálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kí ni ó wà ní ìkáwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin? Èkíní, kí ó béèrè abẹ́rẹ́ náà ní ilé-ìwòsàn tí ó dáńtọ́. Owó ara rẹ̀ ni yóò fi gbà á, owó náà kì í sì í ṣe kékeré fún ọmọ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń dá èsúsú ra fóònù lè dá èsúsú fún ìlera. Dókítà ni yóò sọ iye ìgbà tí yóò gbà á. Ohun tí ó sàn jù ni kí ó gbà á kí ó tó mọ obìnrin rárá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n náà lè jàǹfààní. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dámọ̀ràn rẹ̀ títí di ọmọ ọdún 26. Kí ó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ náà kì í wo èyí tí ó ti wọ ara, àti pé rọ́bà ìdáàbòbò a máa dín ewu kù, ṣùgbọ́n kò dí gbogbo ọ̀nà, nítorí awọ ara ni kòkòrò náà ń gbà ràn.

Èkejì kò ná an ní kọ́bọ̀. Bí ó bá lọ sílé ní ìsinmi, kí ó béèrè bóyá àbúrò rẹ̀ obìnrin ti gba tirẹ̀. Ní ìlú bíi Kòmú, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga a máa wọ bàbá àti ìyá létí ju ti ẹ̀rọ ìròyìn lọ. Bí òun náà bá ti gbà á, kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé májèlé ni.

Àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Ìgbà tí wọ́n bá ń ṣe àyẹ̀wò ara fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni ó yẹ kí nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ sọ ọ̀rọ̀ HPV fún tọkùnrin tobìnrin. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì lè wá ọ̀nà láti dín owó rẹ̀ kù fún àwọn tí ètò ọ̀fẹ́ náà kọjá lórí wọn. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹrù yìí ni a gbé ka orí ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí ó ti di géńdé káwọ́ gbera. Ó tó àsìkò kí òun náà fi ọwọ́ tirẹ̀ kún un.