Ẹni Tó Bá Mọnú Rò, Yóò Mọpẹ́ Dá: Ìsinmi àti Ọpẹ́ Ẹni Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Jẹjẹrẹ

“Ẹni tó bá mọnú rò, yóò mọpẹ́ dá” jẹ́ òwe tí àwọn àgbà sábà máa ń fi bá abaraámóorejẹ wí. Bí wọ́n bá ṣe ènìyàn lóore tó sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, òun ni wọ́n ń pa á fún. Ṣùgbọ́n òwe náà ju ìbáwí lọ. Inú rírò ló fi ṣáájú, ó sì fi ọpẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò ráyè ro ibi tó ti ń bọ̀ lè fẹnu dúpẹ́, kó jó, kó sì náwó, síbẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má sí níbẹ̀. Inú rírò sì ń fẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀, nítorí ẹni tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu kì í lè ro àròjinlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ àrùn jẹjẹrẹ gbọ̀ngbọ̀n, pàápàá nígbà tí Kérésìmesì bá ń kanlẹ̀kùn. Ìṣirò àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún ọdún 2022 fi hàn pé àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 128,000, àwọn tó sì tipa rẹ̀ kú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80,000. Ẹni tó parí ìtọ́jú tó sì fojú rí òpin ọdún ní ohun gidi láti rò.

Ní Onitsha, ní ìpínlẹ̀ Anambra, oṣù Kejìlá kì í fún ènìyàn láyè ìrònú. Ọjà ńlá ìlú náà a kún fọ́fọ́, àwọn ọmọ Igbo tó ń gbé Èkó, Ìbàdàn àti ẹ̀yìn odi a sì máa rọ́ wálé. Afárá Odò Ọya tí wọ́n kọ́ parí ní 1965 ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà kọjá. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ pọ̀ débi pé ìjọba ṣí afárá kejì fún ìgbà díẹ̀ nítorí ọdún ní oṣù Kejìlá 2022, kí wọ́n tó wá ṣí i pátápátá ní oṣù Karùn-ún 2023. Bí àwọn arìnrìn-àjò bá ti gúnlẹ̀, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìpàdé ẹbí àti ìsìn ìdúpẹ́ a máa gba ọwọ́ ara wọn. Lójú ẹbí, ẹni tó ṣàìsàn tí kò kú ló yẹ kó gbé ọpẹ́ tó tóbi jù kalẹ̀.

Ara kì í ṣe igi. Àárẹ̀ tí jẹjẹrẹ àti ìtọ́jú rẹ̀ ń fà kì í ṣe irú èyí tí oorun òru kan ń lé lọ. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó gba oògùn kẹ́mò tàbí ìtọ́jú onítànṣán, ó sì lè bá ẹlòmíràn gbé fún oṣù tàbí ọdún lẹ́yìn tí ìtọ́jú ti parí. Àìtó ẹ̀jẹ̀, ìrora, àìróorunsùn àti àníyàn wà lára ohun tó ń dá kún un. Ṣùgbọ́n bí irun aláìsàn bá ti hù padà, tí ojú rẹ̀ sì ń dán, àwọn ará ilé a gbà pé ó ti yá tán. Ìbẹ̀rù pé àrùn náà lè padà wá pẹ̀lú kì í tètè lọ. Lọ́dún mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni àwọn dókítà sábà máa ń dá. Bí ọjọ́ àtilọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Nnewi tàbí ní Ituku-Ozalla lẹ́bàá Enugu bá ti ń sún mọ́, àyà a tún bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Onitsha fúnra rẹ̀ ní àṣà tó bá òwe yìí mu. Kí Obi, ọba ìlú náà, tó jáde sí gbangba níbi ọdún Ofala ní oṣù Kẹwàá, ó máa ń kọ́kọ́ wọ ìpamọ́, níbi tó ti ń gbàdúrà tó sì ń ro ti ìlú. Lẹ́yìn náà ni ìbọn yóò dún, tí ìlù yóò sọ, tí àwọn ará ìlú yóò sì bá a yọ̀. Bí ọba kò bá lọ tààrà sójú agbo, kò yẹ kí wọ́n ti ẹni tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sípò síbẹ̀.

Ìsinmi tí ara ń fẹ́ yìí kì í ṣe kí ènìyàn máa dùbúlẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń dábàá ni kí ó máa rìn níwọ̀nba, kí ó máa sùn lásìkò kan náà, kí ó pín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, kí ó sì sọ fún dókítà bí àárẹ̀ bá ń pọ̀ sí i. Ẹni tí wọ́n yọ kókó abẹ́ abíyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ já gbé ìkòkò àsè lójijì, nítorí ọwọ́ náà lè wú. Ẹni tó ṣì ń gba kẹ́mò ní láti yẹra fún àpéjọ tí èrò ti há mọ́ra, torí agbára ara rẹ̀ láti bá kòkòrò àrùn jà ti dínkù. Kò sì pọn dandan kí ìdúpẹ́ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Ìsìn ìjọ ti fìdí múlẹ̀ ní Onitsha láti 1857, nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, ṣáájú àwọn míṣọ́nnárì débẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nílẹ̀ láti ìgbà yẹn yóò ṣì wà níbẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí èrò bá ti padà sídìí iṣẹ́.

Nínú irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ ni ọpẹ́ ti ń rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Ìwádìí tí Robert Emmons àti Michael McCullough gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003 fi hàn pé àwọn tí àìsàn iṣan ń bá jà, tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ fún sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, sùn dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsinmi ń bí ọpẹ́, ọpẹ́ náà sì tún ń bí ìsinmi. Síbẹ̀, kì í ṣe dandan kí ẹni tó ń dúpẹ́ díbọ́n pé kò sí ohun tó ń dun òun. Obìnrin lè dúpẹ́ ẹ̀mí, kí ó sì máa dárò ọmú tí wọ́n gé. Ó lè dúpẹ́ fún ara rẹ̀, kí ó sì máa sunkún àwọn tí wọ́n jọ gba kẹ́mò tí wọn kò rí ọdún.

Ọpẹ́ kò sì mọ sí ayẹyẹ. Ní 1997 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ọmú lára Betty Anyanwu-Akeredolu, ọmọ Emeabiam ní ìpínlẹ̀ Imo tó fẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀. Ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ láti máa la àwọn obìnrin lọ́yẹ̀ nípa àrùn náà, ó sì ń sọ ìtàn ara rẹ̀ ní gbangba nígbà tí ọ̀pọ̀ ń fi tiwọn pamọ́.

Òwe yìí kò yọ àwọn ará ilé sílẹ̀. Bí wọ́n bá mọnú rò, wọn yóò rántí òru tí wọ́n fi ṣọ́ aláìsàn àti owó tí wọ́n fi ra oògùn, wọn kò sì ní máa bi í pé ìgbà wo ni yóò pa màlúù. Tiwọn ni láti gba iṣẹ́ ìdáná lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n dín àlejò kù, kí wọ́n sì tẹ̀ lé e lọ sí ibi àyẹ̀wò. Ọpẹ́ ni ìyẹn pẹ̀lú, nítorí wọ́n ń tọ́jú oore tí wọ́n rí gbà.