Owó Ìsìnkú Wà, Owó Ìwòsàn Ńkọ́?

   

Ní ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ adójútòfò ìlera, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí ìnṣọ́ránsì, máa wá síwájú ilé. Wọ́n á bi wá bóyá kí ẹgbẹ́ forúkọ gbogbo wa sílẹ̀ lábẹ́ ètò ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tàbí kí kálukú lọ bá iléeṣẹ́ tó bá wù ú, tàbí kí a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. A mọ̀ pé ariwo máa pọ̀. Kí ariwo náà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwa akọ̀wé yín sọ tẹnu wa. Ìwé mẹ́fà la kà, a kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni ìwé owó ẹgbẹ́ wà.

Ìwé owó náà gan-an ló bà wá lẹ́rù. Nígbà tí a ṣí i, owó ìsìnkú ló kún inú rẹ̀: owó màlúù, owó aṣọ ẹgbẹ́, owó ọkọ̀ tó gbé wa lọ tó gbé wa bọ̀. Níbi tí a kọ ìrànlọ́wọ́ aláìsàn sí, ìlà mẹ́ta péré la rí.

Ẹ ò ní tíì gbàgbé ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ta ata ní ìlà kejì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá a jà. Oògùn tó yẹ kó máa lò lójoojúmọ́, ọjọ́ tí ọjà bá tà ló ń rà á, hóró mẹ́rin, hóró márùn-ún, lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Lọ́jọ́ tó ṣubú sídìí ata, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. Wọ́n ní ká san owó àsansílẹ̀ kí wọ́n tó gbà á sórí bẹ́ẹ̀dì. A sáré padà sọ́jà, à ń tọrọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún méjì mú un wá, ẹni tó ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mú un wá. Kí owó ọ̀hún tó pé, ilẹ̀ ti ṣú, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, owó tí a dá fún ìsìnkú rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta owó tí wọ́n ń béèrè lọ́jọ́ náà lọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì ní òun fẹ́ lọ rò ó wò ná. Ojú ń tì wá láti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Kì í ṣe ọjà tiwa nìkan. Nínú náírà 10 tí wọ́n ń ná sí ìwòsàn ní Nàìjíríà, bíi 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde. Ìjọba ṣòfin adójútòfò ìlera ní ọdún 1999, ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Àwa tí a kì í gba owó oṣù, ẹ̀yìn la wà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó ní kí gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera. Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2015, òun ló bí ètò tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó. Ní oṣù keje ọdún 2024, Gómìnà Sanwo-Olu tún pàṣẹ pé ó ti di dandan fún gbogbo ará Èkó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ ò tíì wo ẹnikẹ́ni sàn rí. Ìbéèrè tiwa ni pé: ta ni máa gbé ẹrù náà, iléeṣẹ́ aládàáni ni àbí ìjọba fúnra rẹ̀?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń gbọ́ lọ́jà. Wọ́n ní, bí mi ò bá ṣàìsàn lọ́dún yìí, ṣé wọ́n á dá owó mi padà? Ẹ̀yin èèyàn wa, adójútòfò kì í ṣe àjọ. Ní ti àjọ, ohun tí o bá dá lo máa kó. Owó ìsìnkú wa gan-an ni adójútòfò jọ. Gbogbo wa là ń dá a, ẹni tó kàn là ń ná an fún. Ta ni nínú wa tó ti dìde ní ìpàdé rí pé kí ẹ dá owó ìsìnkú òun padà torí pé òun ò tíì kú? Ẹ rí i pé ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe ìnṣọ́ránsì. Òkú nìkan la ń ṣe é fún.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ aládàáni. A ò bú wọn o. Oníṣòwò ni wọ́n, oníṣòwò làwa náà. Oníṣòwò kì í lọ síbi tí kò ti ní jèrè. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí ara wọn ò yá nìkan ló ń dáwó, àpò náà á gbẹ kíákíá. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn báńkì àti àwọn iléeṣẹ́ ńlá ló yá wọn lára láti lọ, níbi tí ọ̀gá ti ń yọ owó òṣìṣẹ́ lóṣooṣù. Ìyá ọlọ́dún 63 tó ń ta ẹ̀fọ́, tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kì í ṣe oníbàárà tí wọ́n ń wá kiri.

A sì ti rí i rí. Ní ọdún 2007, iléeṣẹ́ Hygeia bẹ̀rẹ̀ adójútòfò fún àwọn obìnrin ọjà ní Èkó àti àwọn àgbẹ̀ ní Shonga, ìpínlẹ̀ Kwara. Olùdáwó san díẹ̀, owó ìrànwọ́ láti orílẹ̀-èdè Netherlands san èyí tó pọ̀ jù. Ní Kwara, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi owó kún un. Nígbà tí àwọn oníwádìí yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tó wà níbi tí ètò náà dé wálẹ̀ ju ti ibi tí kò dé lọ. Ó ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó olùdáwó nìkan ló gbé e, ìrànwọ́ ló gbé e.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà náà bá irú àríyànjiyàn yìí pàdé. Ní ọdún 2009, ilé aṣòfin kan níbẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí ìjọba dá adójútòfò tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn iléeṣẹ́. Ilé aṣòfin àgbà yọ ọ́ kúrò, Ààrẹ Obama sì fọwọ́ sí òfin náà ní oṣù kẹta ọdún 2010 láìsí i nínú rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn tí kò ní adójútòfò dín kù gan-an, ṣùgbọ́n ní ọdún 2023 wọ́n ṣì lé ní mílíọ̀nù 20. Ẹ sì fetí sí èyí: láti ọdún 1966 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń gbé ti àwọn arúgbó, tó sì ń gbé ti ọ̀pọ̀ tálákà. Bí Amẹ́ríkà ọlọ́rọ̀ kò bá lè fi arúgbó sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ nìkan, ṣé àwa ló máa ṣeé ṣe fún?

Ẹ wo Ghana nítòsí wa. Ọdún 2003 ni wọ́n ṣòfin tiwọn. Ìjọba ló ń darí rẹ̀, ó sì ń yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọ̀pọ̀ ọjà tí àwọn èèyàn ń rà láti fi gbé e. Ọmọ tí kò tó ọdún 18, arúgbó tó lé ní 70 àti aláboyún kì í dáwó. A gbọ́ pé owó máa ń pẹ́ kó tó dé ọwọ́ àwọn ilé ìwòsàn níbẹ̀, wọn ò dé ibi ìsinmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta tòmátì ní Kumasi wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ wọ ètò ìjọba, kí a má sì dákẹ́ bí a bá wọlé tán. Nígbà tí Ìlera Èkó bẹ̀rẹ̀, 8,500 náírà lọ́dún ni ẹnì kan ń san, 40,000 ni ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́fà. Ó ti gòkè láti ìgbà náà. Ẹ pín 8,500 sí ọjọ́ 365, kò tó náírà 24 lóòjọ́. Kódà bó di ìlọ́po méjì, kò tó 50. Kì í ṣe iye owó náà ló ń lé wa sá bí kò ṣe pé ká kó o kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti ẹ̀rù pé wọ́n á jẹ ẹ́.

Ohun tí a fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ìjọba nìyí. Kí wọ́n gbà kí alájọ ẹgbẹ́ máa gba owó náà díẹ̀díẹ̀, kí a máa ka rìsíìtì sétígbọ̀ọ́ gbogbo ilé ní ìpàdé. Kí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ ọjà ní nọ́ọ̀sì títí ọjà á fi tú, kí oògùn sì wà níbẹ̀, torí káàdì kì í ṣe oògùn. Kí ìjọba san ti àwọn ìyá arúgbó àti àwọn alábàárù wa tí kò lágbára, nítorí òfin ọdún 2022 ti sọ pé àpò kan máa wà fún aláìní, arúgbó, aláboyún àti ọmọdé tí kò tó ọdún márùn-ún. A ò tọrọ àánú, ohun tó wà nínú òfin là ń béèrè.

Ohun tí a fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ara wa náà rèé. Kí a gé owó màlúù àti owó aṣọ ìsìnkú sí ìdajì, kí ìdajì tó kù máa lọ sí ti aláìsàn. Inú lè bí àwọn kan. Wọ́n á ní a fẹ́ fi òkú ẹgbẹ́ wọ́lẹ̀. Rárá o. A fẹ́ kí ẹni tó ń ta ata dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kó padà wá pín ẹran níbi ìsìnkú ẹlòmíì tó ti dàgbà, tó ti darúgbó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sí ìpàdé. Ẹ má rán ọmọ wá. Ìwé owó máa wà lórí tábìlì. Ẹni tó bá fẹ́ kó wá ṣí i fúnra rẹ̀, kó ka ìlà mẹ́ta yẹn.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́