Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Àká Ìwífún Wa Dání?

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ará ìlú ń torí rẹ̀ tò sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba tẹ́lẹ̀ ni a ti ń ṣe lórí ayélujára báyìí. Àmọ́ ojú òpó tí à ń wò kọ́ ni ó ń tọ́jú orúkọ àti nọ́ńbà wa. Inú àká ìwífún, tí ó sábà máa ń wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ni wọ́n wà. Ibi tí a ti so méjèèjì pọ̀ ni ó yẹ kí a fojú sí.

Kí ojú òpó tó lè bá àká sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ nǹkan márùn-ún: àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tí àká wà, nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà rẹ̀, orúkọ àká, orúkọ aṣàmúlò àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Bí ọ̀kan bá ṣì, iṣẹ́ dúró, a ó sì tètè mọ̀. Ewu tó ga jù ni kí gbogbo rẹ̀ pé, kí iṣẹ́ máa lọ geerege, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà níta.

Ní ọdún 2016, àwọn ọ̀daràn wọ ibi tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Uber ń kó kóòdù sí lórí GitHub. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí kọ́kọ́rọ́ ibi ìpamọ́ ilé iṣẹ́ náà lórí Amazon, wọ́n sì kó ìwífún èèyàn mílíọ̀nù 57 lọ. Uber bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ títí di oṣù kọkànlá ọdún 2017. Ní ọdún 2018, ó gbà láti san mílíọ̀nù 148 dọ́là fún àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọn kò já ilẹ̀kùn àká. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni wọ́n rí he.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà kò gbọdọ̀ sí nínú kóòdù. Àṣẹ tí a fún ojú òpó kò gbọdọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ: èyí tó ń fi èsì ìdánwò hàn kò nílò agbára láti pa á rẹ́. Àká kò sì gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé.

Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 de ìjọba àti aládàáni. Bí ìwífún bá jò lọ́nà tó lè pa ẹ̀tọ́ ẹni tó ni í lára, láàárín wákàtí 72 tí aláṣẹ rẹ̀ bá ti mọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tí òfin náà gbé kalẹ̀ létí. Ẹni tó fi orúkọ rẹ̀ síkàáwọ́ ìjọba kò ṣàṣejù bí ó bá béèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.