Ẹ Pe Ìyá Àgbà Wọlé

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní Atlanta, àgbà wà nílé: ó ti gba físà, ó ti kó òrí, àdí àti kànìnkàn wá láti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń la ìtọ́jú ọmọ yé ọlọ́mọ kí wọ́n tó lọ sílé, ta ló ń bá àgbà yẹn sọ̀rọ̀? Ohun tí a fẹ́ ni kí ilé ìwòsàn pè é wọlé, kí wọ́n sì bá a sọ ọ́ ní Yorùbá. A kò tọrọ àánú o. Òfin Ẹ̀tọ́ Ará Ìlú ti 1964 de gbogbo ilé ìwòsàn tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ògbufọ̀ ọ̀fẹ́ sì wà lára ohun tó mú bá wọn.

Kókó orí ọmọ ló fà á tí a fi ń pariwo. Ọmọ tó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, tàbí tí wọ́n fi ẹ̀rọ fà jáde, orí rẹ̀ lè wú. Wíwú tó rọ̀, tó bá a wáyé, sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Òmíràn wà tí kì í yọjú títí di wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ kejì: ẹ̀jẹ̀ ló sun sáàárín eegun àti awọ tó bò ó, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àní oṣù mẹ́ta, kó tó tán. Bó bá ń gbẹ, etí rẹ̀ a le bí ẹni pé eegun ló hù. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ìyá àgbà ti ń yá sí omi gbígbóná àti títẹ̀. Kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gún un, nítorí ojú abẹ́rẹ́ ni àìsàn ń gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n ibà pọ́njú ló ń bà wá lẹ́rù jù. Bí ẹ̀jẹ̀ inú kókó náà ṣe ń yọ́, oró pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń jáde nínú rẹ̀ ń kún ara ọmọ. Wákàtí 48 nílé ìwòsàn lẹ́yìn ìbí ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1996 ní kí ìbánigbófò san fún ìyá tí kò fi iṣẹ́ abẹ bímọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ni ibà yìí máa ń le jù. Ọwọ́ ìyá àgbà ni ọmọ yóò wà nígbà náà. Àìtó G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, tún pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwa Yorùbá, káfúrà inú àpótí aṣọ sì lè sọ ọ́ di ọ̀ràn. Àwọ̀ dúdú kì í tètè fi ibà yìí hàn, nítorí náà ẹyinjú ni ká wò, kí dókítà sì fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n.

Bí wíwú bá ń tàn dé etí tàbí ọrùn, tí ètè ọmọ funfun, ẹ pe 911. Ẹ má ṣe dúró, ẹ gbé ọmọ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì, bí kókó bá gbóná tàbí tó ń ṣọyún, bí ọmọ bá ṣubú, bí kò mu ọmú, bí àwújẹ̀ rẹ̀ bá ga sókè, tàbí bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 100.4 lórí òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà. Arthur M. Blank, ilé ìwòsàn ọmọdé tí wọ́n ṣí ní 2024, wà ní North Druid Hills; ilé ìwòsàn Grady wà láàárín ìlú. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1986 kò sì gbà kí ẹ̀ka pàjáwìrì dá ọmọ padà láìyẹ̀ ẹ́ wò nítorí owó.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ìmáàmù, iṣẹ́ tiyín náà nìyí: kí ẹ tó dá ọjọ́ ìkómọ, ẹ bi àwọn òbí bóyá dókítà ti rí orí ọmọ láti ìgbà tó ti dé ilé.